Mo gba 41 nínú 50 nínú ìdánwò gírámà Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ kejì iṣẹ́ mi padà wá pẹ̀lú àmì pupa 17

Akọ̀wé-ìpàdé béèrè:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbọ́ ohùn ìpàdé tí wọ́n ká sílẹ̀, kí n wá fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àkópọ̀ rẹ̀. Wọ́n á fi ohùn wákàtí méjì ránṣẹ́, màá fi ojú ìwé mẹ́ta dá wọn lóhùn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ní kí n dán ara mi wò. Mo ṣe ìdánwò gírámà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ìbéèrè 50, ìdáhùn mẹ́rin mẹ́rin lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, kí o mú ọ̀kan. Mo gba 41. Inú mi dùn débi pé mo ya fọ́tò èsì náà pamọ́.

Mo wá lọ wo mẹ́sàn-án tí mo kùnà. Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú wọn:

"Each student must bring ___ own pen." Mo mú "their". Wọ́n ní "his" ni.

"The data ___ wrong." Mo mú "is". Wọ́n ní "are" ni.

Wọ́n ní kí n mú èyí tó tọ̀nà láàárín "Who did you give it to?" àti "To whom did you give it?" Mo mú ti àkọ́kọ́, mo tún kùnà.

"I ___ him yesterday." Mo mú "have seen". Èyí, mo gbà, ẹ̀bi mi ni. Ẹnu mi ń sọ "mo ti rí i lánàá", ọwọ́ mi sì tẹ̀lé ẹnu.

Mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn ni mi ò gbà rárá. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ọ nínú ohùn tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi, lẹ́nu àwọn tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi là ẹnu. Ṣé àwọn náà kùnà ni?

Àmọ́ ìyẹn kọ́ ló gbé mi wá. Ọjọ́ kejì ìdánwò náà gan-an ni ọ̀gá tó ń fún mi níṣẹ́ dá àkópọ̀ mi padà. Àmì pupa 17! Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí "whom" níbẹ̀, kò sí "data". Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé mo kọ "three year". Mo kọ "she say". Obìnrin kan sọ̀rọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, nígbà tí mo fi dé ìparí àkópọ̀ mo ti sọ ọ́ di "he". Ojú tì mí, nítorí bí ẹ bá bi mí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tí mi ò mọ̀ nínú wọn.

Ìbéèrè mi ni pé: irú ìdánwò wo ló lè fi ohun tí mi ò mọ̀ hàn mí? Èyí tí mo ṣe yìí, ńṣe ló kàn yìn mí, tó sì tún bá mi jà lórí ohun tí kò kàn mí.

Bàbá Gbólóhùn dáhùn:

Akọ̀wé, ẹ kú ìrọ́jú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ́ 41 yẹn sí wẹ́wẹ́. Nínú ìdánwò oní-ìdáhùn mẹ́rin, ẹni tó bá di ojú tó ń tọ́ka ṣáá á ṣì rí bíi 12 tàbí 13 gbà nínú 50. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 38 lẹ mọ̀ dájú, pé ẹ kàn tọ́ka sí 12 tó kù, orí sì gbè yín nínú 3. Ìyẹn náà ò burú.

Mo ti lé ní ogún ọdún nídìí kíkọ ìbéèrè ìdánwò, ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí wa. Ìbéèrè kò le kọ. Ìdáhùn mẹ́ta tí kò tọ̀nà, tó sì gbọ́dọ̀ jọ òótọ́, ló ń gba gbogbo ọjọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ìdẹkùn ni mo máa ń pè é. "Whom" dùn ún fi dẹ ìdẹkùn. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi "three year" dẹ ẹ́? Bí "year" àti "years" bá jókòó ti ara wọn, ojú yín á mú "years" kíá, gbogbo èèyàn ló máa gbà á, ìbéèrè náà á sì di òfìfo. Ìgbà tí kò bá sí "years" kankan níwájú yín, tó jẹ́ pé inú yín ló ti gbọ́dọ̀ jáde, tí ọkàn yín sì wà lórí ohun tí alága ń sọ, ìgbà yẹn ló ń bọ́. Kéèyàn rí nǹkan kó dá a mọ̀, ọ̀tọ̀ ni. Kéèyàn mú un jáde fúnra rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni.

Àwọn tó ń ṣe TOEFL, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tí kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi là ẹnu, náà yí padà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Láti 1964 ni ìdánwò yẹn ti wà, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi ní abala gírámà tó dá dúró. Nígbà tí wọ́n gbé èyí tí wọ́n ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì dé ní 2005, wọ́n yọ abala yẹn dànù. Kí olúwarẹ̀ sọ̀rọ̀, kó kọ̀wé, ibẹ̀ ni wọn ó ti wo gírámà rẹ̀.

Ó wá ku mẹ́ta tí ẹ ń bá wọn jà lé lórí. Ẹ má bínú bí mo bá pẹ́ díẹ̀, ọ̀rọ̀ "their" yìí máa ń gbóná lára mi. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá ni àwọn tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo "they" fún ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Àwọn onígírámà ló wá jókòó sọ pé "he" ló gbọ́dọ̀ jẹ́, àní ní 1850 Ilé Aṣòfin ìlú Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé nínú ìwé òfin wọn, ọ̀rọ̀ tó bá tọ́ka sí ọkùnrin ti kó obìnrin mọ́ ọn. Èèyàn ò tìtorí ìyẹn dákẹ́ sísọ "they". Ní 2019, ẹgbẹ́ APA ti Amẹ́ríkà, tí àwọn tó ń kọ ìwé ìwádìí ń tẹ̀lé ìlànà wọn, fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ń pariwo pé ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ kò gbọdọ̀ dúró fún ẹyọ, ẹ bi í léèrè ìdí tó fi ń sọ "you are" fún ẹnì kan ṣoṣo; ọ̀pọ̀ ni "you" náà tẹ́lẹ̀, "thou" ni ti ẹyọ. Ó sì yẹ kí àwa gan-an mọ̀ ọ́n. Bí bàbá bá wọlé, ṣé kì í ṣe "wọ́n ti dé" la ń sọ? Ìdí tiwa yàtọ̀ lóòótọ́, ti ọ̀wọ̀ ni. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ jókòó lórí ẹnì kan, ilé ò sì dà wó.

"Data" ti Látìn ló wá, ọ̀pọ̀ ni lọ́hùn-ún. "Agenda" náà bẹ́ẹ̀, mi ò sì tíì rí ẹni tó ń sọ pé "the agenda are long". Ẹ kọ "is", àyàfi tí ọ̀gá yín bá fẹ́ "are".

Ti "to" tó wà ní ìparí gbólóhùn, John Dryden, akéwì Gẹ̀ẹ́sì kan, ló bá Ben Jonson, òǹkọ̀wé eré bíi tirẹ̀, wí lórí irú ẹ̀ ní 1672, nígbà tí Jonson ti kú tipẹ́tipẹ́. Dryden tiẹ̀ padà lọ tún àwọn ìwé tirẹ̀ ṣe nítorí rẹ̀. Gbólóhùn méjèèjì tí wọ́n fún yín ló tọ̀nà. Ọ̀kan wọ aṣọ òde, èkejì wọ tilé. Ìbéèrè tó ní ìdáhùn méjì tó tọ̀nà, ẹni tó kọ ọ́ ló kùnà.

Èmi náà kọ ìbéèrè "his" yẹn rí, ní ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀. Ẹ forí jì mí.

Ṣókí-lọbẹ̀-oge dáhùn:

50 nínú 50 ni mo gbà. Lẹ́tà ìwáṣẹ́ ni wọ́n ní kí n kọ lẹ́yìn náà. Wọn ò pè mí.

Ìyá Àtúnṣe dáhùn:

Iṣẹ́ ṣíṣe àtúnṣe ìwé kó tó lọ sílé ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe, nítorí náà irú àmì pupa yẹn, ọwọ́ mi ló ti ń wá. Akọ̀wé, ẹ padà sídìí 17 náà kí ẹ pín wọn sí ẹbí ẹbí. Mo fẹ́ẹ̀ lè búra pé wọn ò ní ju ẹbí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ.

Ẹ wò ó, a sọ pé mo lọ, o lọ, ó lọ, a lọ, wọ́n lọ. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yíjú padà nítorí olùwà. A sọ pé ìwé kan, ìwé mẹ́ta. Nọ́ńbà ti ṣiṣẹ́ tán, kí la tún fẹ́ fi "s" ṣe? Gẹ̀ẹ́sì ní rárá, ẹ tún un sọ. Kó wá lè dà wá lójú rú, "s" kan náà yìí ló ń sọ pé orúkọ di púpọ̀, tí ó tún ń sọ pé ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan: "the boys run", "the boy runs". Ẹni tó ṣe ètò yìí, mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

Ti "he" àti "she" ńkọ́? "Ó" kò bi wá léèrè. Mo ń bá yín sọ̀rọ̀ báyìí, mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni yín tàbí obìnrin, mo sì lè kọ ojú ìwé mẹ́wàá nípa yín láìní láti mọ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò ní jẹ́ kí n kọ ìlà kejì. Nítorí náà kì í ṣe pé ẹ gbàgbé pé obìnrin ni. Ńṣe ni ìbéèrè náà kò dún nínú orí yín lásìkò tó yẹ kó dún.

Àwọn kan wà tí wọn kì í tilẹ̀ wọ inú ìdánwò. "Yá" wa kan ni Gẹ̀ẹ́sì là sí "lend" àti "borrow", lẹ wá ń gbọ́ "borrow me your pen". A ń gbọ́ òórùn, wọ́n ń "smell" rẹ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ kọ "I hear the smell". Wọ́n bi yín pé "Didn't he come?", tí kò bá wá, ẹnu yín á fẹ́ sọ "Yes", nítorí bẹ́ẹ̀ ni, kò wá. "No" ni Gẹ̀ẹ́sì ń retí. Nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, èyí lè yí ìpinnu padà o! Mo ti rí i rí.

Ti "I have seen him yesterday", ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Ọmọ Jámánì náà máa ń ṣe é, nítorí bí èdè tirẹ̀ ṣe gbà á nìyẹn. Bí "yesterday" bá ti wà níbẹ̀, ẹ lé "have" jáde.

Ìdánwò tí ẹ bèèrè wá dà? Èyí tí mo máa ń fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi nìyí. Ẹ mú ìpínrọ̀ kan tó dára, bí ọ̀rọ̀ igba. Ẹ pa ọ̀rọ̀ keje keje rẹ́, ẹ má wo bóyá ọ̀rọ̀ ńlá ni tàbí kékeré. Ẹ jẹ́ kó sùn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ wá fi ọwọ́ ara yín kún un. Kò sí ìdáhùn mẹ́rin tí ẹ ó mú níbẹ̀. Wilson Taylor ló gbé ọgbọ́n pípa ọ̀rọ̀ rẹ́ yìí jáde ní 1953. Ó fẹ́ fi wo bí ìwé kan ṣe rọrùn tó láti kà ni, àwọn olùkọ́ èdè ló sọ ọ́ di ìdánwò. Nítorí pé "the" àti "of" àti "and" pọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì ju ohunkóhun lọ, àwọn gan-an ni ihò máa bọ́ sí.

Èyí tó le jù ú lọ ni ti Benjamin Franklin nígbà tó wà lọ́mọdé. Á ka àpilẹ̀kọ tó dára nínú ìwé ìròyìn kan tí wọ́n ń tẹ̀ ní London, á kọ kókó ìlà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní ṣókí, á gbé e tì fún ọjọ́ mélòó kan, á wá gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ tún un kọ. Lẹ́yìn náà á gbé méjèèjì síra, á sì máa wá àṣìṣe tirẹ̀. Èmi ń fi Yorùbá ṣe é: mo túmọ̀ ìpínrọ̀ kan sí Yorùbá, mo fi Gẹ̀ẹ́sì pamọ́, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ mo túmọ̀ Yorùbá mi padà. Ibi tí ti mi àti ti oníwèé ti yàtọ̀, ibẹ̀ ni ìṣòro mi wà, kò sí ẹni tó lè bá mi jiyàn.

Akọ̀wé-ìpàdé dáhùn:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Bàbá Gbólóhùn, mo ti forí jì yín.

Mo pín wọn bí Ìyá Àtúnṣe ṣe wí. "S" tó sọnù: 9. "A" àti "the": 5. "He" tó yẹ kó jẹ́ "she": 3. Ó tán, 17 náà nìyẹn. Ẹbí mẹ́ta péré! Ìyá, ṣé ẹ kì í ṣe babaláwo?

Ohun kan ló tún yà mí lẹ́nu. Nínú "s" mẹ́sàn-án yẹn, méjì wà tó jẹ́ pé mo fi "are" síbi tí "is" yẹ kó wà: "The list of the new members are attached." Kì í ṣe pé mo fi nǹkan sílẹ̀ níbẹ̀, mo tún fi kún un ni.

Ọ̀kan-ò-jọ̀kan dáhùn:

Èyí tí ẹ sọ kẹ́yìn yẹn kì í ṣe ti Yorùbá. Àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì là ẹnu náà ń ṣe é. Kathryn Bock àti Carol Miller ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ ní 1991: wọ́n fún àwọn èèyàn ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn bíi "The key to the cabinets", wọ́n ní kí wọ́n parí rẹ̀, àwọn kan sì sọ "are". "Members" ló jókòó ti ọ̀rọ̀-ìṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kàn fà á mọ́ra. Ẹ wá olórí gbólóhùn náà lọ, "list" ni.

Mo fẹ́ fi ìdánwò kan kún ti Ìyá, ìṣẹ́jú méjì ni. Ní 1958, Jean Berko ya àwòrán ẹ̀dá kan tó dà bí ẹyẹ, ó fi han àwọn ọmọdé, ó ní "This is a wug." Ó fi méjì hàn wọ́n, ó ní "There are two…", ó dákẹ́. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí láyé ní "wugs". Kò há a sórí, kò sí ẹni tó kọ́ ọ, òfin náà ló ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ ní kí ẹnì kan hùmọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí kò sí, kó máa jù wọ́n lù yín kíákíá, kí ẹ máa dáhùn lẹ́nu láìronú. "He likes to blick. Every day he…" Ìdánwò tó bá fún yín láyè láti ronú, òfin tí ẹ há sórí ló ń wò. Èyí, ẹnu yín ló ń wò.

Akọ̀wé-ìpàdé dáhùn:

Mo padà dé lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá, ẹ má bínú.

Ọmọ mi ọdún mẹ́jọ ni mo ní kó ju ọ̀rọ̀ lù mí. Ó gbádùn ẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú mẹ́wàá, mo sọ "s" nínú mẹ́fà. Ó ní "Every day he…", mo ní "blick", ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n tún un sọ. A yí i padà, èmi ju ọ̀rọ̀ lu òun. Ó gba mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Mo ṣe ti ihò náà pẹ̀lú. Ihò 30, mo kún 22 dáadáa. Nínú mẹ́jọ tí mo kùnà, "the" ni márùn-ún, mo sì ti fi "a" tàbí "his" síbẹ̀.

Ní ti iṣẹ́, mi ò tún ka àkópọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo mọ́ kí n tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni. Ti àkọ́kọ́, mò ń wá "s" nìkan, ojú mi kò yà sí ohun mìíràn. Ti ẹ̀ẹ̀kejì, mo kọ orúkọ gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ sórí bébà, mo kọ "he" tàbí "she" sí iwájú wọn, mo sì ń fi wé e. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta ni "a" àti "the". Ó ń gbà mí tó ogójì ìṣẹ́jú sí i, kò sì dùn rárá.

Ti àná padà wá pẹ̀lú àmì pupa 4. Kò sí "he" níbẹ̀. "S" kan ṣoṣo. Mẹ́ta tó kù tún jẹ́ ti "the", ọ̀kan nínú wọn kò sì yé mi títí di báyìí. Mo kọ "The chairman thanked the members for the patience." Wọ́n fa igi pa "the" ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ṣebí sùúrù tí gbogbo wa mọ̀ ni?

Ìyá Àtúnṣe dáhùn:

Kí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀?

Akọ̀wé-ìpàdé dáhùn:

"Their".

Ìyá Àtúnṣe dáhùn:

Ẹ̀n-ẹ́n. Ní Yorùbá a lè sọ pé "alága dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún sùúrù" ká sì dákẹ́, kò sí ẹni tó máa béèrè sùúrù ta ni. Gẹ̀ẹ́sì á béèrè. Bí nǹkan bá jẹ́ ti ara èèyàn tàbí ti ìwà rẹ̀, ó fẹ́ kí ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín: "he raised his hand", "they lost their patience". Ẹ lọ wo ihò márùn-ún tí ẹ kùnà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ní ẹ fi "his" sí àwọn kan níbi tó yẹ kó jẹ́ "the". Ẹ kọ gbólóhùn wọn síbí, mo fẹ́ wo nǹkan kan.